Ilé Ọba Tó Jó

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gírámà yóò yọjú níbẹ̀ kí a tó parí. Ọ̀rọ̀ ilé ni: ilé alámọ̀ tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ fún wa, àti ìbéèrè tí ó ń da ọ̀pọ̀ ẹbí láàmú káàkiri àwọn ìlú wa, pé ṣé kí a wó o ni, àbí kí a tọ́jú rẹ̀? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lóhùn lórí ìbéèrè yìí bí ẹni tí ó mọ gbogbo rẹ̀ tán. Àmọ́ ní ọdún 2023, ìbéèrè náà wọ agboolé tiwa ní Ìsẹ́yìn, ojú sì tì mí kí n tó rí ohun tí mo lè sọ.

Àwọn tí kò dé Ìsẹ́yìn rí yóò ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ nídìí aṣọ òfì. Ìlú ńlá ni ní agbègbè Òkè-Ògùn, ní ilẹ̀ ọ̀dàn tí ó tẹ́ lọ dé Ṣakí àti ààlà orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Láti ìgbà tí Yunifásítì LAUTECH ti ṣí ẹ̀ka kan síbẹ̀ ní ọdún 2022, ojú tí a fi ń wo ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ títì ti yàtọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá yàrá, àwọn oníṣòwò ń wá ṣọ́ọ̀bù. N kò rí ohun tí ó burú nínú èyí. Ọdún púpọ̀ ni àwa ọmọ Òkè-Ògùn fi ń ráhùn pé ìdàgbàsókè kò mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí ó wá dé, a kò lè ní kí ó dúró sí ìta.

Ọdún Iléyá ni ó kó wa jọ. Orúkọ ọdún náà fúnra rẹ̀ ń pe ènìyàn wálé. Ní ọjọ́ kejì tí a pa àgbò tán, Baálé wa pe ìpàdé ẹbí sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àgbà, ohun kan ṣoṣo ni ó sì wà lórí ẹní: kí ni kí a ṣe sí ilé tí a jókòó sínú rẹ̀ yìí?

Ẹ jẹ́ kí n ṣe àpèjúwe ilé náà fún yín. Kì í ṣe ààfin. Kò ní kọ̀bì, nítorí ọba nìkan ni ó ń ní kọ̀bì. Nígbà tí Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ Scotland, gba ilẹ̀ wa kọjá lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé ní ọdún 1826, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ fẹ́ràn láti máa gbẹ́ iṣẹ́ ọnà sára ilẹ̀kùn àti òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Òpó tiwa kò ní ọnà kankan lára. Ilé tí a fi amọ̀ mọ ní ìpele-ìpele ni, ògiri rẹ̀ sì nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Ènìyàn yóò gba ìloro wọlé, yóò bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó yí àgbàlá ká, àwọn yàrá kéékèèké sì wà lẹ́yìn ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Baba tí ó bí baba mi ni ó mọ ọ́n. Koríko ni ó kọ́kọ́ fi bò ó, kí páànù tó dé. Nínú àgbàlá yìí ni àwọn ẹ̀gbọ́n baba mi ti ń hun òfì, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti sọ èmi náà lórúkọ. Àmọ́ ní ọdún 2023 tí mò ń wí yìí, páànù ti dípẹtà, àgbàrá ti la ipa sára ògiri ẹ̀yìn, yàrá méjì sì ti wó lulẹ̀.

Àbúrò mi kan, tí ó ń ta símẹ́ǹtì àti irin ìkọ́lé, ni ó kọ́kọ́ dìde. Ó ti mú àwòrán ilé tuntun lọ́wọ́: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, ṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ nísàlẹ̀, yàrá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lókè. Ó ti ṣírò iye tí yóò náni àti iye tí yóò máa mú wọlé. Ó sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, gbogbo ohun tí ó sọ ni ó sì jẹ́ òótọ́.

“Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa,” ni ó wí, “n kò sọ pé kí a sọ ilé baba wa nù. Ẹ̀yin àgbà náà ni ẹ kọ́ wa pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ẹ jẹ́ kí a bu ẹwà sí ilé yìí.”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, wọ́n sì mi orí. Òwe náà bọ́ síbi tí ó yẹ kí ó bọ́ sí.

Èmi náà wá dìde. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó níwájú olùkọ́ yunifásítì rí, ẹ mọ bí a ti ń sọ̀rọ̀. Mo mẹ́nu ba ìtàn, mo mẹ́nu ba àṣà, mo mẹ́nu ba ojú tí àwọn ọmọ ọ̀la yóò fi wò wá. Mo sọ̀rọ̀ títí tí àwọn ọmọdé fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo jókòó, ìyá wa kan, àbúrò baba mi obìnrin, tí ó jẹ́ pé òun ni ó ń gbé inú ilé náà lójoojúmọ́, yíjú sí mi.

“Ọmọ mi, o ṣeun,” ni ìyá wí. “Ọ̀rọ̀ rẹ dùn. Ṣùgbọ́n níbo lo sùn lánàá?”

N kò lè parọ́. Òtẹ́ẹ̀lì ni mo sùn, nítorí pé iná wà níbẹ̀.

“Èmi, inú ilé yìí ni mo sùn. Nígbà tí òjò dé lóru, mo ká ẹní mi kúrò ní igun kan lọ sí òmíràn. Bí ẹ bá fẹ́ wó o, ẹ wó o. Bí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe, ẹ tún un ṣe. Èyí tí n kò fẹ́ ni kí ẹ máa yin ilé, kí òjò sì máa pa mí nínú rẹ̀.”

N kò ní èsì kankan. Baálé rí ojú mi, ó sì ní kí a sun ìpàdé síwájú di ọ̀la.

Lóru ọjọ́ náà, mo gbé òwe àbúrò mi yẹ̀ wò, nítorí pé òwe náà dùn mí ju ọ̀rọ̀ owó lọ. Iṣẹ́ mi ni láti mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Bí àwọn baba wa bá gbà pé ilé tó jó ń lẹ́wà sí i, a jẹ́ pé wọn kò ka amọ̀ sí ohun tí kò gbọdọ̀ parun. Ṣé èmi tí mo pe ara mi ní olùṣọ́ àṣà ni mo wá ń bá àṣà jà?

Bí mo ti ń rò ó ni ìtàn Ọ̀yọ́-Ilé sọ sí mi lọ́kàn. Ìlú náà kò jìnnà sí wa. Ilẹ̀ Òkè-Ògùn ni a máa gbà dé ibẹ̀. Ìlú náà tú lẹ́ẹ̀mejì, ìgbẹ̀yìn ìgbà méjèèjì kò sì dọ́gba. Nínú ìwé ìtàn tí Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, a kà pé àwọn Tápà kọ́kọ́ kọ lu Ọ̀yọ́-Ilé ní ayé Aláàfin Onígbogí, tí ìlú náà sì tú. Ní Ìgbòho, ní Òkè-Ògùn wa níbí, ni àwọn Aláàfin wá fìdí kalẹ̀ sí. Ọba bíi mélòó kan jẹ níbẹ̀ kí Aláàfin Abípa tó kó ìjọba padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Wọ́n tún ìlú náà kọ́, ó sì di olú-ìlú ìjọba tí agbára rẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ilé ọba tó jó nìyẹn, ẹwà sì bù sí i lóòótọ́.

Ìgbà kejì kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún 1830 sí 1839, lẹ́yìn tí Aláàfin Olúewu kú sójú ogun, Ọ̀yọ́-Ilé tún tú. Aláàfin Àtìbà kò padà síbẹ̀ mọ́. Apá gúúsù ni ó tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí, níbi tí ó wà títí di òní. Àwọn tí ó mọ ilé mọ, àwọn tí ó mọ òpó gbẹ́, àwọn tí ó mọ ibi tí kọ̀bì kọ̀ọ̀kan kọjú sí, gbogbo wọn fọ́n ká. Lónìí, inú ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní Old Oyo National Park ni ìlú náà wà: ìgànná tí ó ti di òkìtì, àfọ́kù ìkòkò, igi àti koríko. Iná kan náà, ogun kan náà. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ohun tí ó ya ìgbà méjèèjì sọ́tọ̀ ni pé ní ìgbà àkọ́kọ́, àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà tí wọ́n sì gbà pé iṣẹ́ wọn ni, padà wá. Ní ìgbà kejì, wọn kò padà. Òwe kò parọ́, ó kàn ní ohun tí kò sọ jáde ni.

Ohun tí kò sọ jáde náà wà nínú ọdún Bẹẹrẹ. Bẹẹrẹ ni koríko tí a fi ń bo ilé láyé àtijọ́. Koríko kì í pẹ́ lórí ilé. Òjò ń rà á, ikán ń jẹ ẹ́, a sì gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Ní ayé àwọn Aláàfin, àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́ a máa ru bẹẹrẹ lọ sí ààfin gẹ́gẹ́ bí ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di ọdún, pẹ̀lú ìlù àti ijó. Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀. Wọn kò dúró kí ààfin bàjẹ́ kí wọ́n tó rántí rẹ̀. Ìtọ́jú rẹ̀ ni wọ́n sọ di ayẹyẹ, tí gbogbo ènìyàn sì ní ìdì koríko tirẹ̀ láti rù.

Kì í ṣe àwa nìkan ni a gbọ́n bẹ́ẹ̀. Ní ìlú Djenné ní orílẹ̀-èdè Màlì, mọ́sáláṣí ńlá kan wà tí a fi amọ̀ mọ. Ọdún 1907 ni wọ́n tún un mọ parí sí bí ó ti wà yìí, àjọ UNESCO sì kọ àwọn ibi àtijọ́ ìlú náà sínú ìwé ohun ìní gbogbo àgbáyé ní ọdún 1988. Ohun tí ó gbé e ró ni pé lọ́dọọdún ni àwọn ará ìlú, ọmọdé àti àgbà, ń jáde láti tún amọ̀ rẹ́ sára rẹ̀ kí òjò tó dé. Ní ilẹ̀ Jàpáánù, ní ojúbọ Ise, wọ́n máa ń kọ́ ilé òrìṣà náà ní ọ̀tun ní ogún ọdún ogún ọdún, èyí tí wọ́n ṣe gbẹ̀yìn sì jẹ́ ti ọdún 2013. Igi rẹ̀ jẹ́ igi tuntun, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ náà ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, nítorí pé àgbà tí ó ṣe é ní ìgbà tó kọjá ṣì wà láàyè láti kọ́ ọ̀dọ́ tí yóò ṣe èyí tí ń bọ̀.

Ẹnìkan lè ní, “Ọ̀gá, ṣé òfin kò wà ni?” Òfin wà. Òfin tí ó dáàbò bo ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 1953, ìjọba àpapọ̀ sì dá àjọ NCMM tí ó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù àti àwọn ohun ìrántí sílẹ̀ ní ọdún 1979. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo Èkó. Ní Tinubu Square, ilé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1855 ní ọ̀nà ìkọ́lé àwọn Àgùdà, àwọn ènìyàn wa tí wọ́n padà dé láti Bràsíìlì. Ilojo Bar ni a mọ̀ ọ́n sí. Wọ́n kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1956. Ní ọjọ́ 11, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ni òfin fi dúró tì í, tí ògiri rẹ̀ sì ń gbó. Kí katakata tó dé ibẹ̀ ni ilé náà ti wà láìní ẹni tí ń ru ìdì koríko tirẹ̀ wá. Ọ̀rọ̀ ìyá wa náà ni: wọ́n ń yìn ín, òjò sì ń pa á.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tètè padà sí ilé àgbà. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ti jókòó sídìí òfì wọn. Mo ti rí i bẹ́ẹ̀ láti kékeré, n kò sì wò ó dáadáa rí. Òfì àwọn ọkùnrin Ìsẹ́yìn tóóró ni. Ẹni tí ń hun ún jókòó sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, òwú tí ó fẹ́ hun sì nà gbọọrọ síwájú rẹ̀ la àgbàlá kọjá, òkúta wúwo kan sì fà á le ní òpin rẹ̀. Bí aṣọ ti ń gùn sí i ni òkúta náà ń wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ ahunṣọ. Iṣẹ́ náà ń fẹ́ ilẹ̀ gígùn tí ó tẹ́jú, tí ọkọ̀ àti ọ̀kadà kò ní gbà kọjá, pẹ̀lú ibòòji lórí ẹni tí ó jókòó. Àgbàlá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni mò ń ṣe àpèjúwe rẹ̀ yìí.

Mo pe àbúrò mi, mo ní kí ó gbé àwòrán rẹ̀ wá.

“Níbo ni àwọn wọ̀nyí yóò na òwú wọn sí?” ni mo béèrè.

Ó wo àwòrán, ó wo òwú. Ó pẹ́ kí ó tó dáhùn. “Ẹ̀gbọ́n, n kò rò ó débẹ̀.”

Èmi náà kò rò ó débẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo sọ lánàá, n kò dárúkọ ahunṣọ kan. Ìtàn ni mo ń gbà là, iṣẹ́ òòjọ́ àwọn ènìyàn sì wà níwájú mi gbọọrọ lórí ilẹ̀.

Àbúrò mi yìí, tí mo ti kà sí ọ̀tá ilé, ni ó tún àwòrán náà yà. Ẹ̀yìn ilé wa ni ó kọjú sí títì, apá ẹ̀yìn yìí sì ni àwọn yàrá tí ó ti wó wà. Ó ní kí a wó ìhà ẹ̀yìn pátápátá, kí a kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà síbẹ̀, kí a sì fi ìhà mẹ́ta yòókù, pẹ̀lú ìloro àti àgbàlá, sílẹ̀ bí wọ́n ti wà. Ìdá kan nínú owó ṣọ́ọ̀bù ni yóò máa tọ́jú ilé àgbà lọ́dọọdún. Baálé gbà. Ìyá wa gbà, ó sì fi kún un pé òrùlé yàrá òun ni kí a kọ́kọ́ pààrọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ṣe.

N kò ní sọ fún yín pé kò dùn mí. Yàrá ìyá tí ó bí mi wà nínú ìhà tí a wó. Mo dúró níbẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n wó o. Ògiri amọ̀ kì í pariwo bí ó bá wó. Eruku pupa ni ó ń gbé dìde, lẹ́yìn náà gbogbo nǹkan á dákẹ́. Mo bu ẹ̀kúnwọ́ amọ̀ kan, mo sì tún dà á sílẹ̀, nítorí pé n kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Gírámà tí mo ṣèlérí wá dé wàyí. Nígbà tí a fẹ́ tún ìhà mẹ́ta yòókù ṣe ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, a rí i pé Bàbá kan ṣoṣo ní àdúgbò wa, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní ọgọ́rin, ni ó mọ bí a ti ń ṣe é. Àbúrò mi fẹ́ fi símẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo ògiri. Bàbá kọ̀. Ó ní símẹ́ǹtì àti amọ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ dénú: omi yóò bá ibi kan wọ ẹ̀yìn símẹ́ǹtì, kò ní rí ọ̀nà jáde, amọ̀ yóò rọ̀ nínú, símẹ́ǹtì yóò sì ṣí kúrò pẹ̀lú awọ ògiri. Ẹ mọ òwe wa pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Bàbá ni ó jẹ́ kí n rí i pé òwe náà jẹ́ ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ kí ó tó di ọgbọ́n orí.

Mo gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Bàbá, mo sì jẹ́ kí ó máa sọ̀rọ̀ bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tí mo kó jọ. Ilé alámọ̀, mímọ ni a ń mọ ọ́n, gẹ́gẹ́ bí a ti ń mọ ìkòkò, nítorí pé ọwọ́ ni a fi ń fún un ní ìrísí. Ẹni tí ń ṣe é ni a ń pè ní ọ̀mọ̀lé. Lónìí, bíríkìlà ni a ń pè é, búlọ́ọ̀kù ni ó sì ń tò. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ bí ogún ọdún nínú ẹbí wa pé kí ni à ń mọ. Gbogbo wọn dárúkọ ìkòkò. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ ilé.

Igi tí ó dábùú lórí ẹnu ọ̀nà ni àtẹ́rígbà. Tiwa rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó ga gbọ́dọ̀ tẹ orí ba kí ó tó wọlé. Ẹni tí ó bá fetí sí ọ̀rọ̀ náà yóò gbọ́ orí nínú rẹ̀. Omi tí ń ṣàn bọ́ láti etí òrùlé ni ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ìdí rẹ̀ ni a sì ń gbé ìkòkò sí. Ògiri yàtọ̀ sí ìgànná: ògiri ni ó gbé òrùlé ró, ìgànná ni ó yí ilé tàbí ìlú ká. Àní ìparun pàápàá ní orúkọ ní ìpele-ìpele. Ògiri tí ó kù ní ìdúró lẹ́yìn tí òrùlé ti lọ ni àlàpà. Ilé tí ó ti wó lulẹ̀ ni àwókù. Ibi tí àwọn ènìyàn ti ṣí kúrò pátápátá ni ahoro. Àwọn ará Òkèhò, aládùúgbò wa, mọ ahoro dáadáa, nítorí pé ọdún 1917 ni wọ́n ṣí kúrò ní ìlú wọn àtijọ́ wá sí ibi tí wọ́n wà báyìí, lẹ́yìn rògbòdìyàn Ìsẹ́yìn àti Òkèhò ti ọdún 1916.

Ọ̀jọ̀gbọ́n G. J. Afọlábí Òjó ṣe irú iṣẹ́ yìí fún àwọn ààfin wa nínú ìwé tí ó gbé jáde ní ọdún 1966. Ilé mẹ̀kúnnù náà yẹ fún akọ̀wé. Bí ọ̀rọ̀ bá pàdánù ohun tí ó ń tọ́ka sí, ó lè wà nínú ìwé atúmọ̀-èdè fún ìgbà pípẹ́, ṣùgbọ́n kò sí lẹ́nu ènìyàn mọ́.

Èmi náà ki ọwọ́ bọ amọ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn náà. Bàbá fún mi ní apá ògiri kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìloro. Mo rò pé mo ṣe dáadáa. Kí òjò ọdún náà tó lọ jìnnà, ibi tí mo rẹ́ ti bó kúrò, ibi tí Bàbá rẹ́ kò sì yẹ̀. Ìyá wa fi hàn mí nígbà tí mo wálé, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Àwọn ahunṣọ méjì náà ni wọ́n wá ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá báyìí, nítorí pé àwọn ni ó ń gbé abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, tí wọ́n sì mọ̀ pé bí ó bá wó, iṣẹ́ wọn wó. Lọ́dọọdún ni a óò máa rẹ́ ogiri náà kí òjò tó dé, ẹni tí kò bá lè wá yóò fi owó tirẹ̀ ránṣẹ́. Èyí ni Bẹẹrẹ tiwa.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ wó ilé àtijọ́ kan, ẹ má ṣe kọ́kọ́ bínú. Ẹ béèrè ẹni tí ó ń sùn nínú rẹ̀, kí ẹ sì béèrè bí òjò ti ń ṣe é. Ẹ béèrè iṣẹ́ tí ilé náà ń ṣe tí ilé tuntun kò ní lè ṣe. Ẹ wá àgbà tí ó mọ bí a ti mọ ọ́n, kí ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ohùn ṣì wà. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó má wó o, ẹ wo ọwọ́ ara yín bóyá ìdì koríko wà níbẹ̀.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, bí ẹni tí ó mọ ọ́n mọ bá ṣì wà nítòsí. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ilé baba wa di ahoro lójú wa.